Ọlọ Màmá Saroja

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe, kí wọ́n lè mọ irú iṣẹ́ tó wà láyé kí wọ́n tó yan tiwọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi. Dékónẹ́ẹ̀sì tó ń darí ètò náà fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kí mi káàbọ̀, ó sì fi méjì gbàdúrà kí òrìṣà ilẹ̀ Íńdíà má bàa tẹ̀ lé mi wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù kò tó fún mi láti ka ohun tó wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ náà kì í ṣe, nítorí ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe iṣẹ́ kílíìnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbá ilẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ sìkíọ́ríìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi ohùn jẹ́jẹ́ lé àgbàlagbà tó tó bàbá mi kúrò nídìí ilẹ̀kùn tó fẹ́ fi ìka kàn. Olùtọ́jú ohun èlò ni mí, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Hyattsville, lókè òkun níbí. Àwọn nǹkan tó ti ilé àwọn ará Íńdíà wá ló wà níbẹ̀: àtùpà idẹ, ìkòkò omi, àpótí èròjà ọbẹ̀, àgádágodo, aṣọ ìgbéyàwó, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára, ère mélòó kan, àti ohun èlò ilé ìdáná tó pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Iṣẹ́ mi ni kí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà lónìí bí wọ́n ṣe wà lánàá. Ó dà bí iṣẹ́ tó rọrùn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò pẹ̀lú aṣọ tí kòkòrò ń jẹ àti idẹ tí òógùn ọwọ́ ń mú dípẹtà.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà ní Ọ̀yọ́ kí n tó wá. Langley Park là ń gbé nígbà náà, èmi, ọkọ mi àti Ìbùkún, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Lára ògiri ibi tí a ti ń fọṣọ ni mo ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà kan, ará gúúsù Íńdíà, ló dá ilé náà sílẹ̀. Saroja ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, títí kan àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún, a máa pè é ní Saroja bẹ́ẹ̀ láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Màmá ni mo ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì ó ní, “Èmi kì í ṣe ìyá rẹ.”

Mo ní, “Mo mọ̀, Màmá.”

Ó wò mí títí, ó kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà ni Màmá Saroja ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó fún mi ní ìwé kan àti pẹ́ńsù, ó gbé àga síwájú àtùpà idẹ kan, ó ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ pé àtùpà ni. Ó ka ìwé náà, ó dá a padà.

“Kí lo rí?”

“Àtùpà, Màmá.”

“Kò sí ẹni tó rí àtùpà rí. Orúkọ rẹ̀ lo kọ. Wo nǹkan náà.”

Mo tún jókòó. Mo wá rí i pé ojú mẹ́rin ni ibi òwú rẹ̀ ní, pé mẹ́ta dúdú, ọ̀kan kò dúdú tó bẹ́ẹ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ́ díẹ̀ lápá òsì, bí ẹni pé ó ti ṣubú rí. Mo rí ojú kan tó ń dán ju ìyókù lọ, níbi tí àtàǹpàkò ẹni tó ń gbé e ti máa ń wà. Mo kọ ojú ewé méjì. Ó kà á, ó ní kí n lọ jẹun. Ìyẹn nìkan ni ìyìn tó fún mi lọ́dún náà.

Nígbà tó wá gbà kí n fọwọ́ kàn wọ́n, òfin dé. Bọ́ òrùka. Bọ́ aago. So ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ sẹ́yìn tàbí kí o fi sílé. Má di etí tàbí ọrùn nǹkan mú gbé e. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti gbé e, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mọ ibi tí o máa gbé e sí kí o tó gbé e. Má sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ilé bá ń jó, gbé e kalẹ̀ ná kí o tó pariwo. Má gbé omi, tíì tàbí oúnjẹ kọjá ẹnu ọ̀nà. Nígbà kan mo mú ife tíì dúró sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà níta, ife nìkan ló yọ sínú díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bá mi jà.

Òfin tó ga jù ni ti ìwé. Gbogbo nǹkan ló ní nọ́ńbà, gbogbo nọ́ńbà ló sì ní ojú ewé nínú ìwé ńlá. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí nǹkan náà, kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀: eruku tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, okùn tó já, ẹni tó gbé e àti ìdí tó fi gbé e. Iwájú ewé nìkan ni kí o kọ̀wé sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí yíǹkì máa ń là kọjá.

Mo sọ àwọn òfin wọ̀nyí fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mi. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ náà látilé.

Mo ti mẹ́nu ba Ìbùkún. Tí iléèwé bá wà ní ọlidé, kò sí ẹni tí mo lè fi í tì, ọkọ mi ń wa takisí. Mo máa ń mú un lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀rù iná lọ. Mo máa ń gbé e jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ní kó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, mo sì ń bojú wẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ọmọ náà kò fọ́ nǹkan kan rí. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́.

Ọdún kẹrin mi ni. A fẹ́ ṣí yàrá ilé ìdáná fún àwọn àlejò nígbà àkọ́kọ́. Màmá Saroja ń lọ fọwọ́ sí ìwé ilé náà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Upper Marlboro, ó sì mọ̀ pé òun kò ní tètè dé. Ó ní kí n tún yàrá náà ṣe, kó dà bí ibi tí ènìyàn lè wọlé sí kó sì dáná. Ó lọ. Èmi àti Ìbùkún, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló kù nílé.

Mo tò ó dáadáa. Mo gbé àpótí èròjà síbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọlọ.

Ọlọ ni, kò sí orúkọ míràn tí mo lè pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ammi ni wọ́n ń pè é lédè tiwọn. Òkúta pẹrẹsẹ kan, pẹ̀lú ọmọ ọlọ tó gùn bí apá ọmọdé. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ni nǹkan tí n kò béèrè ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fún oṣù kan. Àárín rẹ̀ ti wọ inú. Ìyá tèmi kò lè rí ọlọ tó rí bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́. Nílé wa, tí ojú ọlọ bá ti jọ̀lọ̀ débi pé ata ń yọ̀ lórí rẹ̀, a máa ń gbé òòlù àti irin ṣóńṣó, a ó sì sọ ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́, bí àkókó ṣe ń sọ igi, títí yóò fi rí págunpàgun, tí yóò tún máa lọ nǹkan kúnná. Ọlọ tí wọn kò sọ ń dójú ti ìyàwó ilé.

Mo ronú pé, yàrá tí ènìyàn lè wọ̀ kó dáná ni ìyá yìí wí. Ta ló máa dáná pẹ̀lú irú ọlọ yìí?

Òòlù wà nínú àpótí irinṣẹ́. Mo fi aṣọ tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wákàtí kan ààbọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lórí ìlà, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ìbùkún ń wò mí láti orí àga. Ó ní, “Mọ́mì, ó ń dún bí òjò.” Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀tù òkúta kúrò, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Iṣẹ́ náà dára. Mo tún lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó dára.

Nígbà tí Màmá Saroja dé, ó wo yàrá náà káàkiri, ó ń mi orí. Ó dé iwájú ọlọ. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ pátákó, ìyá tí kì í fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ó ní, “Ìyá mi fi ẹsẹ̀ tẹ ọlọ yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àṣà wa ni. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi lọ nǹkan lórí rẹ̀. Àárín tó wọ inú yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Òun nìkan ni àwòrán rẹ̀ tí mo ní.”

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé orí ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń kọ̀wé. Ó gbé ìwé ńlá wá, ó ṣí i sí nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀: “Lónìí, èmi olùtọ́jú fi òòlù àti irin ṣóńṣó sọ ojú ọlọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n ṣe é. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́.” Mo fọwọ́ sí i. Ìbùkún wà lórí àga náà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Langley Park, mo sunkún, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nu ojú mi, nítorí kò rí nǹkan míràn.

Kò lé mi. Mo rò pé yóò lé mi lọ́jọ́ kejì, mo rò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tún dárúkọ ọlọ náà sí mi létí mọ́. Ọdún mẹ́wàá sí i la jọ ṣiṣẹ́ kó tó kú, ó sì tún bá mi jà lórí nǹkan tí kò tó nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ òwú funfun ni a kọ́kọ́ ń lò, tí idẹ fi ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n wá mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé, tí ọwọ́ ń làágùn nínú rẹ̀. Oògùn olóòórùn burúkú la ń fi lé kòkòrò inú aṣọ tẹ́lẹ̀. Ó wá di pé ká di aṣọ sínú ọ̀rá ká sì kó o sínú fíríìsà títí kòkòrò yóò fi kú. Nígbà tí mo sọ èyí níjọ, ohun tí wọ́n bi mí ni ibi tí a ń kó ẹja sí. Pẹ́ńsù di kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà di tábúlẹ́ẹ̀tì. Báyìí àmì onígun mẹ́rin kan ló wà lára ògiri, o máa gbé fóònù sí i, ọ̀rọ̀ yóò sì jáde lójú rẹ̀ fún ọ láti kà. Àwọn àlejò ń wo fóònù, nǹkan tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá sì wà lẹ́yìn fóònù, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ní ti Ìbùkún, mo fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gbààwẹ̀. Ó ka ìtàn ní yunifásítì. Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ tí Mọ́mì ń ṣe. Mo lọ wọ inú balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Ọdún kẹjọ rẹ̀ ní ilé náà rèé. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀, òun ló sì ń kọ ohun tó wà lára ògiri fún àwọn àlejò láti kà. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé fọ́tò mi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá Saroja.

N kò padà débẹ̀ títí di oṣù tó kọjá, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ fojú rí ohun tí mo sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mẹ́fà ni wọ́n. Dékónẹ́ẹ̀sì ní òun máa tẹ̀ lé wa kí nǹkan kan má ṣe wọn. A dé iwájú ère olórí erin, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń lé adìyẹ.

“Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba apá ọ̀tún. Ẹ má wò ó lójú.”

Mo ní, “Dékónẹ́ẹ̀sì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi nu ojú rẹ̀.”

“Èmi náà sì ti gbàdúrà lé yín lórí fún mẹ́wàá nínú ẹ̀, Màmá Ìbùkún. Ẹ máa dúpẹ́.”

Mo fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ fún ojú mi. Wọ́n ti gbé ìkòkò omi kan kọ ojú ibi tó ti sán sí ògiri. Iná tó wà lórí aṣọ ìgbéyàwó ti mọ́lẹ̀ jù. Mo ń ka àṣìṣe lórí ìka, mo ti dé mẹ́sàn-án, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Dékónẹ́ẹ̀sì láti yàrá ilé ìdáná. Ohùn náà ti yàtọ̀.

“Ọlọ rèé o. Ẹ wá wò ó. Ta ló bá wọn sọ ọ́? Báyìí gan-an ni ìyá bàbá mi ṣe ń sọ ọ́ ní Ìbàdàn, ìlà lórí ìlà. Ẹ̀yin ọmọ, òun lèyí. Òun ni mo ń sọ fún yín tí ẹ ń lo blẹ́ńdà.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ti gbé fóònù sí àmì ara ògiri. Ó kà á sókè fún un: “Ojú òkúta yìí fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń sọ ọlọ ní abúlé gúúsù Íńdíà hàn, bí wọ́n ti jogún rẹ̀ láti ìran dé ìran.”

“Ará Íńdíà ló sọ ọ́?” Dékónẹ́ẹ̀sì wo ọlọ náà, ó wò mí. “A jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wá.”

Mo wá Ìbùkún lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

“Ta ló kọ nǹkan tó wà lára ọlọ?”

Ó mọ ohun tí mò ń béèrè. Kò gbé ojú sókè. “Èmi ni, mà. Lọ́dún tó kọjá.”

“O wà níbẹ̀. Orí àga lo wà.”

“Ìdí tí mo fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mọ́mì, fọ́tò yín wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa kọ́kọ́ rí yín. Ṣé kí n wá kọ ọ́ sára ògiri pé ìyá yìí ló ba ọlọ ìyá Saroja jẹ́?”

“Èmi ni mo bà á jẹ́.”

“Mo mọ̀. Mo rí i bí ẹ ṣe sunkún.”

“Ta ló rán ọ níṣẹ́ pé kí o bò mí láṣìírí? Ṣé mo ní aṣọ kò tó mi ni?”

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó burú jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti rí ọlọ náà, ó ń kọ ìwé lórí ohun èlò ilé ìdáná ilẹ̀ Íńdíà, ó sì fẹ́ fi fọ́tò àmì òòlù tó wà lójú ọlọ sínú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ń retí èsì. Bí ìwé bá ti jáde, bí ẹnì kan bá wá ṣí àkọsílẹ̀ wa àtijọ́ lọ́jọ́ kan, tó rí ìwé ọwọ́ mi ní nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rìnlá, wọn kò ní bi mí léèrè. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ìbùkún ni wọn yóò bi, ẹni tó mọ òótọ́ tó sì kọ irọ́, wọn yóò sì lé e. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé míràn tí yóò gba ẹni tí wọ́n lé nítorí irọ́.

Ẹ ro ó wò. Gbogbo ìgbà tó wà lọ́mọdé ni mo ń bojú wẹ̀yìn kó má bàa fọ́ nǹkan. Ó wá dàgbà tán, ó lọ fọ́ nǹkan nítorí mi.

Mo ní, “Lọ́jọ́ Ajé, o máa lọ bá ọ̀gá rẹ.”

“Wọ́n lè lé mi, mà.”

“Wọ́n lè lé ọ. Tí wọ́n bá máa lé ọ, kó jẹ́ nítorí òótọ́ tí o fi ẹnu ara rẹ sọ. Èmi náà rò pé wọ́n máa lé mi.”

“Ẹ̀rù ń bà yín báyìí.”

“Ẹ̀rù ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Lọ.”

Ó lọ lọ́jọ́ Ajé. N kò jẹun títí ó fi pè mí. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì rẹ̀, wọ́n sì ní kó tún àkọlé náà kọ láti inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ gan-an. Ó kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dúpẹ́, ó sì mú òkúta míràn.

Lọ́jọ́ kejì ni a jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, nítorí àwòrán iwájú ewé nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sì hàn dáadáa. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó gbé ìwé ńlá náà láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi gbé e kalẹ̀. N kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ó ṣí i. Ìwé ọwọ́ mi rèé, tó ń gbọ̀n. Mo kà á, mo ní kó dà á kọ bó ṣe wà. Ó fẹ́ ṣí ewé kejì láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ síwájú, ni a bá rí i pé ẹ̀yìn ewé náà kò mọ́.

Pẹ́ńsù ni. Ìwé ọwọ́ Màmá Saroja ni, kéékèèké, tí kì í kọjá ìlà. Ọjọ́ tó kọ síbẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tèmi. Mo rántí ọjọ́ náà, torí òun nìkan ni ọjọ́ tó ní kí n máa lọ sílé ní ọ̀sán gangan láìsọ ìdí.

“Ata gbígbẹ mẹ́fà. Ó kúnná. Ìyá mi ì bá ti pe ẹni tí ń sọ ọlọ tipẹ́. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà.”

Mo jókòó. Ọdún mẹ́wàá la fi wà pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sọ. Ìyá tó bá mi jà fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ife tíì tó yọ sínú díẹ̀ ti lé mi lọ sílé, ó ti ti ilẹ̀kùn, ó ti gbé nọ́ńbà igba ó lé mẹ́rìnlá kúrò ní àyè rẹ̀, ó ti lọ ata lórí rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ewé, níbi tó mọ̀ pé n kò ní wò láé, nítorí òun ló ní kí n má wò ó.

Ìbùkún di pẹ́ńsù mú. “Mọ́mì, báwo ni kí n ṣe kọ ọ́? Ṣé kí n kọ ọ́ pé àṣìṣe ni?”

“Kọ ohun tí mo ṣe. Kọ orúkọ mi.”

“Ti ata ńkọ́?”

“Mẹ́fà,” mo ní. “Ata gbígbẹ. Kọ iye rẹ̀.”